Ọjọ́ Tí Omi Ẹ̀rọ Di Búlúù

Òjò Port Harcourt kì í ṣe òjò tí èèyàn ń bá ṣeré. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kó má dá títí di Ọjọ́rú. Aṣọ kò ní gbẹ, bàtà aláwọ yóò hu ewú lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn ọmọ yóò sì máa wọ aṣọ tútù lọ sí ilé ìwé. Síbẹ̀, nínú òjò yẹn náà, àwọn obìnrin yóò gbé garawa òfìfo wá bá mi ní ọ́fíìsì, wọ́n á ní omi kò yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Èmi ni ọ̀gá omi. Omi ń rọ̀ sí wa lórí, omi yí ìlú ká, ọkọ̀ òkun ń fọn fèrè lórí rẹ̀ láràárọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí èèyàn lè mu ni èyí tí a fi ẹ̀rọ fà láti abẹ́ ilẹ̀, tí a gbé gun táǹkì, tí a sì fi páìpù pín kiri. Kò sì tó.

Mo ti darúgbó báyìí. Ìbàdàn ni mo wà, nínú ilé ara mi, ẹ̀rọ omi tó wà nínú àgbàlá mi sì ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí alángbá ń sùn lórí rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ló ń já omi fún wa. Inú máa ń bí mi tí mo bá rí i. Èmi tí mo fi omi fún odidi ìlú mu rí! Lẹ́yìn náà n ó wá máa rẹ́rìn-ín, nítorí ọkàn mi á ti padà sí Diobu, ní Port Harcourt.

Ọdún kejì òmìnira ni mo dé Port Harcourt. N kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Mo ní ìwé ẹ̀rí lórí iṣẹ́ omi, mo ní ṣòkòtò kàkí kékeré méjì tí sítáàṣì mú dúró gan-an, mo sì ní ẹnu. Ìyàwó mi gbé àkọ́bí wa pọ̀n. Ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó omi ìlú náà ló gbà mí, wọ́n sì so ẹ̀gbin mọ́ omi fún mi: gọ́tà, sọ́kàwéè, àti àwọn agbépòó tí ń ru garawa ilé ìgbẹ́ kúrò ní ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn. Nígbà tí ìyàwó mi bá ń kọ lẹ́tà sílé, á ní iṣẹ́ omi ni ọkọ òun ń ṣe. Kì í dárúkọ ìdajì tó kù.

Ìlú náà dùn nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo máa ń gun àkàsọ̀ táǹkì ńlá láti wo bí omi ṣe kún tó. Láti òkè yẹn, n ó rí àwọn ilé onípáànù tó tò lọ létòlétò, n ó rí ibùdókọ̀ òkun pẹ̀lú irin gíga rẹ̀ tí ń gbé ẹrù sókè, lẹ́yìn rẹ̀ omi ẹrẹ̀ àti igbó tó ń hù nínú omi, títí ojú kò fi ní ríran mọ́. Afẹ́fẹ́ á gbé òórùn ẹja àti epo pupa wá. Nígbà tí mo bá sọ̀ kalẹ̀, n ó ra bọ̀ọ̀lì àti ẹja sísun lọ́wọ́ obìnrin kan ní ẹ̀bá ojú irin, òun náà á sì kígbe pé, "Water don come o!" bí mo bá ti yọ lórí kẹ̀kẹ́ mi. Mo fẹ́ràn kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, àwa Yorùbá a péjọ sí kíláàsì ilé ìwé kan láti kọrin ìyìn ní èdè wa, àwọn ọmọ wa á sì wà níta, wọ́n á máa fi Pidgin bá ara wọn jà. "Wata" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu àkọ́bí wa. Ìyá rẹ̀ ní iṣẹ́ mi ló ràn án.

Yàrá méjì ni a gbà ní Mile One, Diobu, nínú ilé kan tí àwọn yàrá rẹ̀ dojú kọ ara wọn, tí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo wà láàárín àgbàlá. Alágbàfọ̀ kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló gba yàrá tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ó jù mí lọ dáadáa, ẹ̀gbọ́n ni mo sì ń pè é. Òun ń pè mí ní ọ̀gá omi, pẹ̀lú ẹ̀rín kan tí n kò mọ̀ bóyá ọ̀wọ̀ ni tàbí yẹ̀yẹ́. Aṣọ funfun ló ń fọ̀: ti àwọn akọ̀wé, ti àwọn nọ́ọ̀sì, ti àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn àgbá tí wọ́n gé sí méjì ló tò sábẹ́ igi fúrúùtù, èyí tó kẹ́yìn nínú wọn sì ni ti búlúù, tí yóò ri aṣọ funfun bọ̀ kó lè máa dán. Rọ́bà gígùn kan ló so mọ́ ẹnu ẹ̀rọ kí omi lè dé ìdí àgbá. Nítorí rọ́bà yìí, òun àti ìyàwó mi kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́, torí pé bí rọ́bà bá ti wà lẹ́nu ẹ̀rọ, kò sí ẹlòmíràn tó lè pọnmi.

Ẹni tó mọ omi ìlú yẹn jù lọ kò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Bàbá kan ni, ọmọ Ikwerre láti Rumuigbo, tó ṣì jẹ́ abúlé nígbà náà, tí ń fi ẹsẹ̀ rìn wá síbi iṣẹ́. Papa ni gbogbo wa ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yí fáàfù, ìyẹn irin tó wà nínú ihò lójú títì, tí a fi ń ṣí omi sí àdúgbò kan tí a sì fi ń tì í mọ́ òmíràn. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń ri páìpù mọ́lẹ̀, orí ara rẹ̀ ló sì fi ru púpọ̀ nínú wọn. Á kúnlẹ̀ lẹ́bàá ihò, á gbé ìdí irin gígùn kan lé fáàfù, á fi orí irin náà sí etí, á di ojú. Lẹ́yìn náà á sọ fún ọ pé páìpù ti là níwájú ilé kan báyìí. A ó gbẹ́ ibẹ̀, a ó sì bá a bẹ́ẹ̀. Èmi náà dán an wò ní ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò sí nítòsí, ìró ẹ̀jẹ̀ etí ara mi nìkan ni mo gbọ́.

Bó bá ń ti fáàfù, á máa fi èdè wọn ka iye ìgbà tó yí i, á sì dáwọ́ dúró kó tó tì í tán. Gbogbo ìgbà ló máa ń ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ó dà bíi pé agbára rẹ̀ kò gbé e mọ́, mo sì rò pé àgbà ló dé.

Ní ọdún kẹta mi níbẹ̀, Diobu ti kún débi pé omi kò ká a mọ́. Mo wá jókòó, mo ṣe ìwé ètò kan, mo fi íńkì pupa àti dúdú ya ìlà rẹ̀, mo sì kàn án mọ́ ògiri. Láti ìdájí títí di aago kan ọ̀sán ni Diobu yóò ní omi. Tó bá di aago kan, kí a tì í pátápátá, kí gbogbo agbára omi lọ sí apá ìlú kejì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ó dára lójú. Ọ̀gá àgbà wa, òyìnbó kan tó ti pẹ́ nílẹ̀ wa, dúró níwájú rẹ̀, ó sì ní òun yóò kọ̀wé kí wọ́n rán mi lọ sí òkè òkun lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Orí mi wú. Mo sọ fún ìyàwó mi kó bẹ̀rẹ̀ sí í wá aṣọ òtútù.

Papa nìkan ni kò yìn ín. Mo ṣàlàyé ètò náà fún àwọn òṣìṣẹ́ ní àgbàlá ilé ẹ̀rọ, níbi tí a ti ń fa omi, ó dúró títí mo fi parí.

"Oga," ó ní, "no close am finish. Leave small. If pipe empty, e go drink."

"Papa, pipe get mouth?" ni mo dá a lóhùn.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Papa kò rẹ́rìn-ín.

"E get plenty mouth," ó ní, ó sì gbé irin rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, omi apá kejì kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára tó bí mo ṣe ṣèlérí. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ wo fáàfù Diobu ní aago méjì ọ̀sán, mo sì rí i pé Papa ṣì ń ṣẹ́ díẹ̀ kù bó ṣe máa ń ṣe. Mo bínú gidigidi. Ní Ọjọ́bọ̀, níwájú gbogbo èèyàn, mo pè é síwájú. Bàbá yìí ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí. Mo ní bí kò bá lè ṣe ohun tí mo wí, kó máa lọ sílé rẹ̀. Ariwo ni mo fi sọ ọ́. Ó wò mí, ó ní, "I hear." Ní ọjọ́ kejì tó jẹ́ Ẹtì, ó ti fáàfù náà pa fún ìgbà àkọ́kọ́, ó yí i títí kò fi lè yí mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an ni ìjà ṣẹlẹ̀ nílé wa. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ń múra ìkórè, wọ́n sì ti kó aṣọ àwọn akọrin wá fún alágbàfọ̀. Ó po búlúù tó ki gan-an sínú àgbá, ó ti ẹnu rọ́bà bọ inú rẹ̀ kí omi lè máa kún un díẹ̀díẹ̀, ó sì lọ kírun Jímọ̀. Nígbà tó dé, àgbá ti gbẹ. Kò sí ẹ̀kán búlúù kan nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní ìyàwó mi ló dà á nù nítorí ọ̀rọ̀ rọ́bà. Ìyàwó mi ní ṣé òun mu ún ni? Wọ́n pariwo mọ́ra wọn títí mo fi ti ibi iṣẹ́ dé, mo sì ní kí alágbàfọ̀ má ṣe bínú, ó ṣeé ṣe kí àgbá náà máa jò. Ó fi ẹsẹ̀ ta àgbá náà. Kò jò.

Ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta, igbe ló jí wa. Omi búlúù ló ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ní òpópónà wa, láti ilé wa lọ sí ìsàlẹ̀. Kì í ṣe búlúù tí èèyàn ń ṣiyèméjì sí. Ó dà bí aró. Obìnrin kan ti fi ra gààrì. Bàbá kan ti fi fọ eyín. Àwọn kan kúnlẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ ìyanu ni. Àwọn tó pọ̀ jù ní májèlé ni. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ dáadáa, garawa omi búlúù tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tò síwájú ọ́fíìsì wa, àwọn tó ni wọ́n sì ń bú èmi àti ìyá tó bí mi.

Ọ̀gá àgbà béèrè ta ló fọwọ́ kan páìpù yẹn kẹ́yìn. Kò sí ẹni tí kò mọ̀. Oníṣòwò kan ní òun rí Papa ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, tó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ihò pẹ̀lú agolo kan lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ rántí pé mo ti bú u ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ó ti di òdodo lójú wọn: inú bí bàbá, ó sì da nǹkan sínú omi. Agolo gírísì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, gírísì tó fi ń pa ìdí fáàfù, èmi náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn mi kò ròkè. Wọ́n ní kó dúró sílé títí wọn yóò fi jókòó wádìí ọ̀rọ̀ náà ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí tó wà níwájú. Nígbà tó ń jáde ní géètì, àwọn obìnrin tó mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tó ti pẹ́ fa ọmọ wọn sẹ́yìn kúrò lọ́nà rẹ̀.

Èmi ni wọ́n fún ní lẹ́tà rẹ̀ láti mú lọ sí Rumuigbo. Mo gun kẹ̀kẹ́ gba àárín oko, mo bá a níwájú ilé rẹ̀ tó ń hun agbọ̀n. Mo ka lẹ́tà náà fún un ní Pidgin nítorí kò mọ̀wé. Ó fetí sílẹ̀, ó wọlé, ó sì bu omi wá fún mi nínú ife. Omi odò ni. Kò sí ẹ̀rọ kankan ní Rumuigbo. Gbogbo ọdún tí bàbá yìí fi ń pín omi fún àwọn ará ìlú, odò ni ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ń pọn.

"Drink," ó ní. "I no put anything inside."

Mo mu ún tán. Mo sì yára gun kẹ̀kẹ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, n kò lọ sí iṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́kanrí. Ọmọ wa kejì, tí kò tíì pé ọdún kan, ti ń ṣu omi fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyá rẹ̀ ní eyín ló ń hù, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí n wà nílé. Mo jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi fúrúùtù. Alágbàfọ̀ ti po búlúù mìíràn, ó ti ẹnu rọ́bà bọ̀ ọ́, ó sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé kó tó lọ kírun Jímọ̀. Omi ń kán wọ inú àgbá jẹ́ẹ́jẹ́. Aago kan lù ní ilé ìwé tó wà lẹ́yìn wa. Mo mọ̀ pé lójú títì lọ́hùn-ún, ẹni tó gba iṣẹ́ Papa ń ti fáàfù pa bí ìwé mi ṣe wí.

Omi dúró. Rọ́bà náà gbọ̀n díẹ̀. Lẹ́yìn náà búlúù inú àgbá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Mo rò pé ojú mi ni. Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ń lọ sílẹ̀, ó ń fi ìlà tútù sílẹ̀ lára àgbá, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tó kù díẹ̀, ẹnu rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í dún fùrùfùrù bí ọmọ tó ń fa ẹ̀kọ mu. Páìpù ń mu ún. Àwọn ilé tó wà ní ìsàlẹ̀ ń fa omi tó kù nínú páìpù, páìpù tó ti ṣófo sì ń fa ohunkóhun tó bá rí. Ojú mi lọ sí gọ́tà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa, tó ń ru ìdọ̀tí gbogbo Mile One lọ. Mo rántí iye ibi tí páìpù wa ti là lábẹ́ gọ́tà yẹn. Ẹnu tó pọ̀ tí Papa ń sọ nìyẹn. Bí a kò bá rí búlúù, a kì bá tí mọ̀ rárá. Ọmọ mi sunkún nínú yàrá, mo sì wọlé lọ da omi inú ìkòkò nù.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, ara ọmọ náà yá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ṣàlàyé ohun gbogbo fún ìyàwó mi.

"Ṣé bàbá yẹn sọ fún yín tẹ́lẹ̀?" ó béèrè.

"Ó sọ ọ́."

"Ẹ ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn ní ọjọ́ Ajé?"

"Kí ló dé tí n kò ní sọ ọ́?"

Ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ṣí páìpù ìsàlẹ̀ kí búlúù náà lè ṣàn dànù kí ẹnikẹ́ni tó pọnmi. Ọjọ́ Ajé pé. Ọ̀gá àgbà jókòó, àwọn àgbà méjì láti inú ìgbìmọ̀ ìlú jókòó, akọ̀wé kan wà tó ń túmọ̀. Papa dúró lẹ́bàá ògiri nínú aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti ní kí wọ́n gbé àgbá, búlúù àti rọ́bà wá sí àgbàlá. Mo so rọ́bà mọ́ ẹ̀rọ, mo ní kí wọ́n ti fáàfù, gbogbo wa sì dúró yí àgbá ká, a ń wo bó ṣe ń gbẹ. Oníṣòwò tó jẹ́rìí lòdì sí Papa fi ọwọ́ bo ẹnu. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Bàbá náà ti bọ́. Èmi ni mo sì yọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá àgbà béèrè ìbéèrè kan tí mo ti mọ̀ pé yóò béèrè. Ó ní kí ló dé tí èyí kò fi ṣẹlẹ̀ rí ṣáájú ọjọ́ Ẹtì yẹn?

"Ọjọ́ yẹn ni a kọ́kọ́ ti fáàfù náà pátápátá, sà."

"Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ máa tì í tán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Báwo ni ẹ ṣe mọ̀ ọ́n?"

Gẹ̀ẹ́sì la ń sọ. Papa wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mi, ó ń wo ẹnu wa. Mo rí ọkọ̀ òkun tí yóò gbé mi lọ sí ìlú òyìnbó. Mo rí ìwé ètò mi lára ògiri, pẹ̀lú íńkì pupa àti dúdú.

"Mo ṣàkíyèsí rẹ̀ ni, sà," ni mo wí.

Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Àwọn àgbà méjèèjì náà bọ̀ mí lọ́wọ́. Akọ̀wé wá sọ fún Papa ní Pidgin pé kò ní ẹ̀bi, kó padà sí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Tank you, sah," ó sì lọ gbé irin rẹ̀. Alágbàfọ̀ ló jìyà díẹ̀, torí wọ́n kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ so rọ́bà mọ́ ẹ̀rọ mọ́. Ó wò mí tìkàtẹ̀gbin fún oṣù kan gbáko. Nígbà tí ìyàwó mi bi mí bóyá mo sọ ọ́, mo ní mo ti sọ ọ́. Kò béèrè mọ́, ìbá sì ti dára kó béèrè.

Mo ya ìwé ètò mi kúrò lára ògiri, mo sì kọ òmíràn, kúkúrú, ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́: a kò gbọ́dọ̀ ti fáàfù kankan tán, kí a máa jẹ́ kí omi díẹ̀ wà nínú páìpù nígbà gbogbo. Mo fọwọ́ sí i. Ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n fi gíláàsì bò ó, wọ́n sì kọ́ ọ sí ilé ẹ̀rọ. Àwọn èèyàn láti ìlú mìíràn wá wò ó, wọ́n sì dà á kọ. Papa ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó ń ka iye tó ń yí, ó ń ṣẹ́ díẹ̀ kù bó ṣe ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń kí mi bó ṣe ń kí mi tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo ń gba ọ̀nà mìíràn tí mo bá rí i lókèèrè.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ló fẹ̀yìn tì. A ra búrẹ́dì àti mínírà, a jókòó sí ilé ẹ̀rọ, a sọ̀rọ̀ nípa òjò àti àwọn páìpù àtijọ́, ó sì pa wá lẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn yòókù ti lọ, ó dúró níwájú ìwé inú gíláàsì náà.

"Oga, wetin this paper dey talk? Everybody dey look am."

Mo kà á fún un ní Pidgin, díẹ̀díẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó di ojú, ó sì fetí sílẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó ṣí ojú.

"Na who write am?"

Àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀gá àgbà, kò sí akọ̀wé. Ìrìn-àjò òkè òkun náà ti já sí asán nígbà yẹn, nítorí náà kò sí ohun tí n ó pàdánù.

"Na me, Papa."

Ó mi orí. "E good," ó ní. "You try. E good well well." Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì gba ọ̀nà Rumuigbo lọ.

N kò mọ̀ títí di òní bóyá ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni, tàbí inú rẹ̀ dùn lóòótọ́ pé ohun tó mọ̀ ti wọ inú ìwé. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí nǹkan dàrú ní ilẹ̀ wa, a kó ẹrù wa wọ ọkọ̀ ojú irin, n kò sì fojú kàn án mọ́. Mo lo ọdún púpọ̀ sí i nínú iṣẹ́ omi, ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo, ní Abẹ́òkúta. Gbogbo àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ni mo kọ́ ní ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn, wọ́n sì ń pè é ní òfin ọ̀gá, wọ́n ń fi orúkọ mi sọ ọ́ títí di ìsinsìnyí. Kì í ṣe tèmi. Papa ló sọ ọ́, lójú gbogbo èèyàn, mo sì fi rẹ́rìn-ín.